Ìràwọ̀ Tí Ojú Rẹ̀ Pọ́n

Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì
Láti Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀. Oṣù Kìíní, ọdún 2026

[Ìlù dùndún dún díẹ̀, ó rọlẹ̀.]

   

Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò wa. Mo gbé àga jáde síwájú ilé, ọmọ àbúrò mi kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá sì wá jókòó tì mí. Ojú ọ̀run dúdú kirikiri, ìràwọ̀ sì pọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a gbọ̀n sílẹ̀. Ọmọ náà wòkè títí, ó wá na ìka. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo ìràwọ̀ yẹn. Kí ló dé tí ojú rẹ̀ pọ́n? Ṣé inú ń bí i ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dá a lóhùn wéré kí n fi í sílẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe la ẹnu ni mo rí i pé ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ti ìdúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìbéèrè ọmọ náà wá sórí afẹ́fẹ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júwe ìràwọ̀ náà, kí ẹ lè jáde lọ wò ó tí a bá parí. Ní oṣù Kìíní yìí, tí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé agbedeméjì orí wa gan-an níhìn-ín ní Ifẹ̀. Ẹ wá àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta lójú okùn. Kò sí ẹni tí kò rí wọn rí. Ẹ fi ojú tọ ìlà tí wọ́n tò sí. Tí ẹ bá tọ̀ ọ́ lọ sí ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn, Sirius ni ẹ ó bá, ìràwọ̀ funfun báláú tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ alẹ́ lọ. Tí ẹ bá tọ̀ ọ́ lọ sí òdìkejì, ẹ ó kan ọ̀kan tí ó pọ́n bí ẹ̀yin iná tí eérú ti ń bò lọ. Òun nìyẹn.

Ẹ má ṣì í mú. Ìràwọ̀ pupa kan tún wà lẹ́bàá àwọn mẹ́ta yẹn, Betelgeuse ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lójú ìlà tí mo ní kí ẹ tọ̀. Èyí tí ó ń tàn gbòò ní ìhà ìlà-oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 2026, Júpítà ni. Júpítà kì í ṣe ìràwọ̀, pílánẹ́ẹ̀tì ni, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń yá lò. Tí ẹ bá sì ń wá àgùàlà, kò ṣeé rí ní oṣù Kìíní ọdún 2026, ẹ̀yìn oòrùn ni ó wà.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pe ìràwọ̀ wa yìí ni Aldebaran. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, àwọn ààfáà tí ó ń gbọ́ wa lè ti fura. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni atẹ̀lé, ẹni tí ń tọ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Ọ̀wọ́ ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n kó jọ bí òròmọdìyẹ lábẹ́ ìyẹ́ ìyá wọn, Pleiades ni àwọn òyìnbó ń pè wọ́n. Àwọn ló máa ń yọ ṣáájú. Kò ní pé wákàtí kan tí Aldebaran á fi yọ tẹ̀lé wọn. Bí wọ́n bá sì wọ̀, á wọ̀ tẹ̀lé wọn.

Àwọn ará ìgbàanì pín àwọn ìràwọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà tí oòrùn ń gbà láàrin ọdún sí ẹgbẹ́ méjìlá. Aldebaran wà nínú ẹgbẹ́ Taurus, akọ màlúù. Bí ẹnì kan bá sọ pé, "Ìràwọ̀ mi ni Taurus," inú àwọn méjìlá yìí ni ó ti mú un. Èmi ò wá sọ ẹni tí yóò lówó àti ẹni tí yóò rókọ fẹ́ lọ́dún yìí o, oníṣẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú ni pé nígbà tí àwọn ará ìgbàanì ya àwòrán akọ màlúù náà, Aldebaran ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Ọmọ mi kò kúkú jìnnà sí wọn: ojú màlúù tí ó ń wá ẹni tí yóò kàn ni ó rí.

[Ìlù díẹ̀.]

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ẹ fi òwe yìí sọ́wọ́, mo máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Tí ẹ bá tẹjú mọ́ Aldebaran, ẹ ó rí àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ mìíràn tí wọ́n yí i ká, tí wọ́n tò bí ẹ̀ka igi tí a fi ń ṣe kànnàkànnà. Hyades ni wọ́n ń jẹ́. Aldebaran wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka kan, ó mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ, ẹni tó bá rí wọn á ní olórí ẹbí wọn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò bá wọn tan rárá. Ìmọ́lẹ̀ ń lo nǹkan bí 150 ọdún kí ó tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Hyades dé ọ̀dọ̀ wa. Ti Aldebaran kò ju nǹkan bí 65 ọdún lọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan dúró sí ojúde wa ní Ìlódè, tí àwọn mìíràn sì wà lórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá yàwòrán wọn á rò pé wọ́n jọ dì mọ́ra wọn ni.

Báwo ni a ṣe ń wọn ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò lè rìn? Ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú. Ẹ di ojú òsì, kí ẹ fi tọ̀tún wò ó. Ẹ wá di tọ̀tún, kí ẹ fi tòsì wò ó. Àtàǹpàkò náà á dà bí ẹni tí ó ń fò lára ògiri tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe mú un súnmọ́ imú tó ni fífò rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Eré ọmọdé yìí náà ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń ṣe, àfi pé ojú méjì tiwọn jìnnà síra: ọ̀kan ni ibi tí ayé wa wà nínú oṣù Kìíní, èkejì ni ibi tí ó wà nínú oṣù Keje, ní òdìkejì oòrùn. Àárín méjèèjì tó 300 mílíọ̀nù kìlómítà. Ní 1989, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi sátẹ́láìtì kan tí ń jẹ́ Hipparcos ránṣẹ́ sí òfuurufú láti lọ wọn bí àwọn ìràwọ̀ ṣe ń fò báyìí.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ òṣùpá wá kì í lò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ́nà. Èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Ti Aldebaran ń lo ọdún 65, ó lè lé díẹ̀. Ẹ wá wò ó: ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọ ojú yín lálẹ́ òní kúrò nílé ní nǹkan bí ọdún 1960, lásìkò tí Nàìjíríà ń gba òmìnira. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí wà lórí oyè, ọdún 1960 yẹn náà ni wọ́n fi wọ́n ṣe Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Yunifásítì Ifẹ̀ kò tí ì sí. Ní 1961 ni òfin dá a sílẹ̀, ní 1962 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, ní 1967 ni wọ́n kó wá sí Ilé-Ifẹ̀, ní 1987 ni wọ́n sì sọ ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, ìmọ́lẹ̀ náà wà lọ́nà, kò yà mu omi, kò dúró kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá wo Aldebaran lálẹ́ òní, bí ó ṣe rí nígbà náà ni ó ń wò.

[Ìlù díẹ̀.]

Ẹ jẹ́ ká wá wọn ara Aldebaran. Òṣùpá la máa fi wọ̀n ọ́n. Ẹ rántí 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, tí òṣùpá bo oòrùn, tí adìyẹ ń wá ibi tí yóò sùn lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùpá máa ń bo àwọn ìràwọ̀. Láàrin oṣù Kìíní 2015 àti oṣù Kẹsàn-án 2018, oṣooṣù ni ó ń bo Aldebaran fún àwọn ará apá ibì kan láyé. Tí etí òṣùpá bá bo ìràwọ̀ tí ó kéré gan-an lójú wa, fìrí ni yóò pòórá. Aldebaran kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó máa ń gbà kó tó pòórá tán, nítorí pé ó ní ìbú. Ojú lásán kò lè rí i, ẹ̀rọ ń rí i. Ẹni tí ó bá mọ bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó, tí ó sì mọ ìbú tí ó ní lójú wa, ó ti lè ṣírò bí ó ṣe tóbi tó.

Ìdábùú oòrùn wa jẹ́ nǹkan bí 1,392,000 kìlómítà. Ti Aldebaran tó ìlọ́po 44 ìyẹn, ó lé ní 60 mílíọ̀nù kìlómítà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ìràwọ̀ òmìrán. Tí a bá gbé e sí àyè oòrùn, ara rẹ̀ á kọjá ìdajì ọ̀nà tí ó lọ sí Mercury, pílánẹ́ẹ̀tì tí ó súnmọ́ oòrùn jù.

Owó ìjọba ni irú nọ́ńbà yìí ń dà létí, ẹ jẹ́ ká fi agbálùmọ̀ sọ ọ́, ìgbà rẹ̀ náà la wà. Ẹ mú agbálùmọ̀ kan tí ìdábùú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ẹ pè é ní oòrùn. Ayé wa, pẹ̀lú òkun rẹ̀ àti gbogbo ìjà tí ó wà lórí rẹ̀, á dà bí hóró iyanrìn kan, ó sì máa jìnnà sí agbálùmọ̀ náà ní nǹkan bíi mítà márùn-ún ààbọ̀, bí ẹnu ọ̀nà ilé sí etí gọ́tà. Aldebaran á wá jẹ́ bọ́ọ̀lù kan tí ó ga ju mítà méjì lọ, tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ibo la máa gbé bọ́ọ̀lù náà sí kó lè jìnnà bó ṣe yẹ? Mo ṣírò rẹ̀. Ó máa tó 22,000 kìlómítà sí agbálùmọ̀ wa. Ibi tí ó jìnnà sí Ìlódè jù lọ láyé yìí kò ju 20,000 kìlómítà lọ. A ò ní rí àyè fún un lórí ilẹ̀ ayé.

[Ìlù díẹ̀.]

Ó wá ku ìbéèrè ọmọ náà: kí ló dé tí ojú rẹ̀ pọ́n?

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ lọ. Bí ó bá ti irin bọ iná, tí ọmọ iṣẹ́ ń fín ẹwìrì, irin náà á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí ooru ti ń pọ̀ sí i, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ti ọsàn tó pọ́n, á sì máa funfun lọ. Alágbẹ̀dẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan kó tó mọ ìgbà tí irin tó lù, àwọ̀ rẹ̀ ló ń wò. Àwọn baba ńlá wa ní Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n da àwọn orí bàbà àti idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmoníjẹ̀ ní 1938 kò ní ẹ̀rọ tí ń wọn ooru lọ́wọ́, bàbà kì í sì yọ́ àfi tí ooru bá dé 1,085 lórí dígírì Sẹ́síọ̀sì. Ojú ni wọ́n fi ń ka iná.

Bí a ṣe ń ka irin náà la ṣe ń ka ìràwọ̀. Ojú ara oòrùn wa gbóná tó 5,500 dígírì. Ti Sirius, ìràwọ̀ funfun yẹn, lé ní 9,000. Ti Aldebaran kò ju nǹkan bí 3,600 lọ. Ṣé ẹ rí i? Òun tí ojú rẹ̀ pọ́n tí a rò pé ìbínú ń jó o nínú, òun ni ara rẹ̀ tutù jù láàrin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òwe àgùàlà nìyẹn o. Àmọ́ kí á má torí ọ̀rọ̀ tutù lọ fọwọ́ kàn án: ní 3,600 dígírì, irin ti yọ́, ó ti hó, ó ti di èéfín.

Èéfín irin náà sì wà níbẹ̀, a ti rí i. Ní 1864, William Huggins ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ onímọ̀ kẹ́mísìrì, William Miller, gba ìmọ́lẹ̀ Aldebaran sínú gíláàsì onígun tí ń tú ìmọ́lẹ̀ ká di òṣùmàrè. Nínú òṣùmàrè náà, wọ́n rí àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín. Nǹkan kọ̀ọ̀kan tí ó bá di afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ní àwọn ìlà tirẹ̀, bí ilà ojú tí a fi ń mọ ọmọ onílé kan yàtọ̀ sí òmíràn nígbà kan rí. Wọ́n fi àwọn ìlà náà wé èyí tí wọ́n rí nínú iná ilé iṣẹ́ wọn, wọ́n sì dá irin mọ̀, wọ́n dá sódíọ̀mù inú iyọ̀ mọ̀, wọ́n dá kálísíọ̀mù tí ó wà nínú èèpo ẹyin mọ̀. Nǹkan tí Ògún fi rọ àdá, tí ó tún wà nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi tìrẹ, ó ń fẹ́ bí èéfín lójú ara òmìrán yẹn.

Ẹnì kan á ní: tí ara rẹ̀ bá tutù ju ti oòrùn lọ, báwo ló ṣe wá mọ́lẹ̀ tó báyẹn? Ìbéèrè tó dára. Bí a bá gé ara Aldebaran ní ìwọ̀n ẹní kan, tí a gé ti oòrùn ní ẹní kan náà, ìmọ́lẹ̀ ti Aldebaran á jẹ́ bí ìdá kan nínú márùn-ún ti oòrùn. Ṣùgbọ́n iye ẹní tó lè bo gbogbo ara rẹ̀ tó ìlọ́po 1,900 ti oòrùn. Ẹ pín 1,900 sí ọ̀nà márùn-ún, ẹ ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀ súnmọ́ ìlọ́po 400 ti oòrùn, èyí tí wọ́n wọ̀n sì lé díẹ̀ lórí ìyẹn. Fìtílà kéékèèké tí ó pọ̀ ni, kì í ṣe iná ńlá kan.

[Ìlù díẹ̀.]

Èyí tí ó kàn ni ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu jù. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fi ojú wọn ìwúwo ohun tí ìdábùú rẹ̀ tó ìlọ́po 44 ti oòrùn, kí ni ẹ máa sọ? Ohun tí ó wà nínú Aldebaran kò tó ti oòrùn méjì. Díẹ̀ báyìí ni ó fi pọ̀ ju ti oòrùn kan lọ. Ìyẹn ni pé ó tóbi ni, kò wúwo.

Ẹ lọ wo ìyá alákàrà. Bí ó bá lọ ẹ̀wà tán, á máa lù ú, á máa pò ó, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Tí ó bá dà á sínú òróró gbígbóná, á wú, á fúyẹ́. Ẹ̀wà abọ́ kan náà ni, ojú abọ́ ló kún. Aldebaran ni àkàrà tí ó wú jù tí mo tíì gbọ́ rí. Bí a bá pín gbogbo ìwúwo rẹ̀ dọ́gba sí gbogbo àyè tí ó gbà, á fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú yìí lọ ní nǹkan bí ọgọ́ta ìgbà. Àárín rẹ̀ nìkan ló ki pọ́pọ́. Nítorí pé ara rẹ̀ jìnnà sí àárín rẹ̀, agbára tí ó fi ń fa nǹkan mọ́ra kò pọ̀: àpò sìmẹ́ǹtì kan tí ó wọn 50 kílò níhìn-ín kò ní tó kílò kan lójú ara rẹ̀. Abájọ tí ara rẹ̀ fi ń jò lọ díẹ̀díẹ̀ bí atẹ́gùn, tí kò lè dì í mú. Yíyí rẹ̀ náà sì lọ́ra. Oòrùn wa ń yí po ní nǹkan bí oṣù kan. Aldebaran ń lo nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀.

Kí ló mú un wú? Ọjọ́ orí ni. Ìràwọ̀ kì í jó igi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ààrò ṣe àpèjúwe. Háídrójìn ni igi tí ó wà nínú ààrò ìràwọ̀. Àwọn èérún háídrójìn ń fún mọ́ra wọn nínú ooru àárín rẹ̀, wọ́n ń di hílíọ̀mù, agbára tí ń jáde níbẹ̀ ló sì ń di ìmọ́lẹ̀. Hílíọ̀mù yìí ni eérú. Nígbà tí ìràwọ̀ bá ti dáná fún bílíọ̀nù ọdún mélòó kan, igi àárín ààrò á tán, eérú á kún ibẹ̀. Iná kò ní kú, á sún sí ẹ̀gbẹ́, á máa jó yí eérú náà ká. Eérú ń rì lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀, ó ń ki sí i, iná tí ó yí i ká ń le sí i, ó sì ń ti gbogbo ara òde jìnnà. Bí ara òde ti ń fẹ̀, ó ń tutù. Bí ó ti ń tutù, ó ń pọ́n. Aldebaran ti dé ibẹ̀. Wọ́n ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún mẹ́fà ó lé díẹ̀.

Oòrùn tiwa ti lo bílíọ̀nù ọdún 4.6. Ọ̀nà kan náà ni ó ń lọ. Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún márùn-ún sí àkókò yìí, igi àárín ààrò rẹ̀ á tán, òun náà á wú, ojú òun náà á pọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn sá lóko o, a ṣì lè gbin kòkó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀dọ́kùnrin kan yóò ṣe rí lọ́jọ́ ogbó, kó lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aldebaran ni ẹ̀gbọ́n tí oòrùn wa lè wò.

[Ìlù díẹ̀.]

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ti parí. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan kéde pé pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan ń yí Aldebaran po, nítorí pé wọ́n rí i tí ó ń mì lọ tí ó ń mì bọ̀. Ní 2019, àwọn mìíràn tún ìwé ìṣirò náà yẹ̀ wò, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara ìràwọ̀ náà ló ń mì fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà. Ojú wọn náà ń bá àgùàlà pàdé, àmọ́ wọ́n máa ń padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Nǹkan kan láti ayé sì ti kọrí sí ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1972, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò ní èrò nínú ránṣẹ́, Pioneer 10. Ó kọjá lára Júpítà, ó bá tirẹ̀ lọ. Oṣù Kìíní 2003 ni a gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Ìhà ibi tí Aldebaran wà ló ń lọ, á sì gbà á tó mílíọ̀nù ọdún méjì kó tó dé agbègbè yẹn. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ fi ọdún 65 rìn ni o.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń gbọ́ mi, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọmọ òyìnbó nìkan. Láti 1998 ni ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí. Ní 2019, nígbà tí àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè wá sọ ìràwọ̀ lórúkọ, wọ́n fún Nàìjíríà ní ọ̀kan. Amadioha ló ń jẹ́ báyìí, orúkọ òrìṣà àrá àwọn Ìgbò, bí Ṣàngó ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i po ń jẹ́ Equiano. Àwọn Lárúbáwá tẹjú mọ́ Aldebaran pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé atẹ̀lé ni. Ẹni tí ó bá wo nǹkan pẹ́ ló ń sọ ọ́ lórúkọ.

Kí ni mo wá sọ fún ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Mo ní, "Inú kò bí i. Ó ti dàgbà ni, ó wú, ara rẹ̀ sì tutù." Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bíi Màmá àgbà." Mo ní kó má jẹ́ kí Màmá gbọ́.

Ó tún béèrè bóyá ìràwọ̀ náà mọ̀ pé à ń wo òun. Mo ní èyí tí à ń rí yìí ti kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Èyí tó sì ń kúrò níbẹ̀ báyìí, nǹkan bí ọdún 2091 ni yóò tó dé Ìlódè. Ó ka ìka rẹ̀ títí, ó ní, "Mo ti máa pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin nìyẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó gbé àga jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, kó bá mi gbà á.

Ibẹ̀ ni wọ́n mú iná dé. Ariwo sọ ní gbogbo àdúgbò, gílóòbù ìta tàn gbòò sí wa lójú, gbogbo ìràwọ̀ sì pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dìde, mo gbé àga mi. Ọmọ náà kò dìde. Ó fi ọwọ́ bo iná náà lójú ara rẹ̀, ó ń wá ojú pupa yẹn.

Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá parí oúnjẹ alẹ́, ẹ bá mi pa iná ìta yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dàárọ̀ o.

[Ìlù dùndún gòkè, ó parí.]